Ọwọ́ ló ya ojú Ìyá Àgbà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ó rẹ̀ yín. Èmi kì í sábà kọ lẹ́tà, kíkà ni mo máa ń kà, àmọ́ lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde lóṣù tó kọjá dùn mí wọra, mi ò lè gbé e mì. Ẹni tó kọ ọ́ ní àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán kì í ṣe ayàwòrán, ó ní èèyàn á kàn gbé sketch, àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà láìkùn, sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kùn ún, wọ́n á wá máa gbowó gọbọi lọ́wọ́ aráàlú lórí iṣẹ́ tí wọn ò ṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, òun náà kà á, ló bá wò mí, ó ní "Àǹtí, ẹ dá wọn lóhùn o." Ìyẹn ni mo ṣe jókòó lálẹ́ yìí tí mo ń tẹ èyí lórí fóònù. Tó bá gùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á.

Iṣẹ́ ojú yíyà ni mo ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Mókọ́lá n'Ìbàdàn níbí, ojú alààyè, ojú òkú, ti ọjọ́ ìbí, ti ìgbéyàwó, ti ìrántí, gbogbo ẹ̀ ni mo ń yà. Bàámi ló fi iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́, sàìnbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kọ, àwọn tó bá ti dàgbà lágbègbè wa á rántí àwọn bọ́ọ̀dù onígbàjámọ̀ tó ní orí ọkùnrin mẹ́fà mẹ́fà pẹ̀lú irun oríṣiríṣi, àwọn ló ya púpọ̀ nínú ẹ̀. Òórùn ọ̀dà àti tọpẹntáìnì la fi ń jí nílé wa. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn, tàbí kí n sọ pé ó wà níbòmíì, torí Photoshop, àápù tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe tí gbogbo wa mọ̀ yìí, 1990 ló kọ́kọ́ jáde, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ ní àdúgbò wa.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1991, Ìyá Àgbà tó bí Bàámi wá kí wa. Mo kéré, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, mo rántí pé ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, Bàámi sì ya kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá kúrò lára ògiri, wọ́n yí i sí ẹ̀yìn tó funfun, wọ́n mú pẹ́ńsù tí wọ́n fi ń wọn lẹ́tà sàìnbọ́ọ̀dù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyá wọn. Ìyá Àgbà ò dúró jẹ́ẹ́ fún wọn o, wọ́n ń bá ẹ̀gúsí wọn lọ, wọ́n ń bá màmá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbórí sókè gbórí sílẹ̀, Bàámi sì ń yà lọ. Kí iná tó tàn wọ́n ti parí. Wọ́n ká a, wọ́n tì í sẹ́yìn àpótí, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ìyá Àgbà kú lọ́dún 1994. Fótò wọn kan ṣoṣo tó kù nílé, níbi ìgbéyàwó ẹnì kan ni wọ́n ti yà á, wọ́n wà lẹ́yìn èèyàn bíi mẹ́wàá, gèlè ẹlòmíì sì bo ìdajì ojú wọn. Bàámi náà ti wá kú báyìí. Ṣé ẹ rí i pé bébà ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà yẹn nìkan ló mọ ojú Ìyá Àgbà?

Nígbà tí ẹbí ní àwọn fẹ́ ṣe ìrántí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ní kí n fi sketch yẹn ṣe àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n á tẹ̀ sí bánà, tí wọ́n á sì tún tẹ̀ kéékèèké fún àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá mi jókòó nìyí, kó wo ohun tí ọwọ́ ṣe àti ohun tí ẹ̀rọ ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló kọ́kọ́ fi fóònù ya bébà náà lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù, ó fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni, àmọ́ kò ṣeé lò. Òjìji fóònù ẹ̀ wà lórí ìwé, ìwé dagun, àgbọ̀n Ìyá Àgbà wá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, WhatsApp sì tún ti fún un pọ̀, gbogbo ilà pẹ́ńsù tó fẹ́lẹ́ ti dà bí èéfín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òǹkàwé, tẹ́ ẹ bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kó tẹ́ pẹrẹsẹ, nítòsí fèrèsé, láàárọ̀, níbi tí oòrùn ò ti ràn sí i tààrà, ẹ gbé fóònù kó dọ́gba pẹ̀lú ìwé, ẹ má tan fláàṣì, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fótò. Ìyẹn tí kò bá sí skánà, ẹ̀rọ tó ń gbé ojú ìwé wọ kọ̀ǹpútà, nítòsí ni o. Skánà ló dáa jù.

Èmi fúnra mi ló lọ gbé ìwé náà lọ sí ibi skánà. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò fún nǹkan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ni 300 dpi, ìyẹn àmì tíntìntín 300 nínú ínṣì kan. Àwọn àmì yẹn ni wọ́n ń pè ní píksẹ́lì nínú kọ̀ǹpútà, bébà A4 kan á fún ẹ ní 2480 ní ìbú àti 3508 ní òró, àmọ́ torí pé a máa sọ tiwa di ńlá, 600 ni mo lò. Kàlẹ́ńdà yẹn fẹ̀ ju ojú skánà lọ, mo fi tìṣọ́ratìṣọ́ra gbé e sí i nígbà mẹ́rin, igun kan lẹ́yìn igun kan, mo wá so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ohun kan tún wà: nọ́ńbà àwọn ọjọ́ tó wà níwájú kàlẹ́ńdà ń yọ sí ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ́ rí 17 àti 24 lórí ìborùn Ìyá Àgbà. Bébà dúdú ni mo tẹ́ sẹ́yìn ẹ̀ kí n tó skáànù ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò wá rí ibi tí ó máa gbà dá padà, àwọn nọ́ńbà yẹn sì parẹ́ ó ku díẹ̀. Ta ló máa sọ ìyẹn fún ẹ̀rọ? Bàámi ló kọ́ mi, nígbà tí wọ́n bá ń da ìwé kọ, wọ́n máa ń tẹ́ nǹkan dúdú sábẹ́ ẹ̀ kí ẹ̀yìn má bàa dà wọ́n láàmú.

Mo wá gbé e wọ inú Krita, àápù ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà. Krita yìí, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù lè gbé e wọlé, ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní lè lo ibisPaint, mo mọ àwọn ọmọ tó ń fi ìka lásán ṣiṣẹ́ tó ń wú mi lórí lórí fóònù tí ojú ẹ̀ ti fọ́. Nínú irú àwọn àápù yìí, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni layer. Kí n ṣàlàyé ẹ̀ báyìí: ẹ ro pé ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara sórí àwòrán, ẹ kùn lórí ọ̀rá, ẹ tún tẹ́ ọ̀rá mìíì lé e, ẹ tún kùn lórí ìyẹn, ẹ lè yọ ọ̀kan kí èkejì má bà jẹ́. Sketch Bàámi ni mo fi sókè pátápátá, mo tò ó sí Multiply, ìyẹn ni pé funfun bébà á pòórá, ilà pẹ́ńsù nìkan ló máa kù, àwọ̀ tí mo bá kùn sí ọ̀rá ìsàlẹ̀ á sì máa hàn lábẹ́ ẹ̀. Mo wá tì í pa. Látọjọ́ náà títí dòní mi ò fọwọ́ kan ọ̀rá yẹn, bó ṣe kúrò lọ́wọ́ Bàámi ló ṣe wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí, títí kan èmi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú pẹ́ẹ̀nì kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún gbogbo ilà fà kó mọ́ kó gún, àwòrán á wá kú. Ilà pẹ́ńsù tó ní ẹ̀mí kì í rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi àgbọ̀n Ìyá Àgbà, Bàámi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà, níbi iwájú orí, ó kàn fẹ́ ẹ lé e ni, bí ìgbà tí ìyẹ́ bá kan omi. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán, pátákó tí èèyàn ń fi pẹ́ẹ̀nì yà lé tí ilà á máa hàn nínú kọ̀ǹpútà, tó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí lè mọ ìyàtọ̀ bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ tó títí dé ìpele 8192, ìyẹn dáa, àmọ́ tí ọwọ́ ò bá mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀ àti ibi tó yẹ kó fẹ́, kí ni 8192 fẹ́ ṣe? Tèmi ò ní ojú tó ń gbé àwòrán hàn, ọwọ́ mi á wà lórí tábìlì, ojú mi á wà lára kọ̀ǹpútà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko ló gbà mí kí ọwọ́ àti ojú tó bára wọn ṣọ̀rẹ́.

Ó wá kan àwọ̀. Ọ̀gá Olóòtú, ibí ni iṣẹ́ ti fẹ́ mú mi sunkún.

Bàámi kọ nǹkan sí etí ìwé yẹn, bí ayàwòrán ṣe máa ń ṣe tí kò bá sí ọ̀dà nítòsí. Wọ́n fa ọfà láti ara ìró, wọ́n kọ "aró, Ìbàdàn dùn." Wọ́n fa òmíì láti ara ìborùn, wọ́n kọ "funfun tó ti pọ́n." Wọ́n fa ọ̀kan láti ara igbá ẹ̀gúsí, wọ́n kọ "igbá tuntun." Àmọ́ wọn ò fa ọfà kankan láti ojú. Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ojú ìyá wọn ni, kí ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún, ta ló máa gbàgbé? Èmi tó wà níbẹ̀ ọjọ́ yẹn, mo rántí ẹ̀gúsí, mo rántí ohùn wọn, àwọ̀ wọn ni mi ò rántí.

Mo pe Ìyá Mọ́níyà, ẹ̀gbọ́n Bàámi, wọ́n ní adúmáadán ni. Mo pe Ìyá Òkè-Àdó, àbíkẹ́yìn, wọ́n ní irọ́ o, Ìyá Àgbà pọ́n, àwọ̀ wọn dà bí èèpo ẹ̀pà yíyan. Mo so àwọn méjèèjì pọ̀ lórí fóònù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Mo sinmi ọjọ́ méjì kí n tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń purọ́ níbẹ̀. Ìyá Mọ́níyà gbọ́njú bá Ìyá Àgbà nígbà tí wọ́n ń ná ọjà Ọjọ́ọ̀, inú oòrùn ni wọ́n ń wà látàárọ̀. Nígbà tí Ìyá Òkè-Àdó fi máa gbọ́njú, Ìyá Àgbà ti fi ọjà sílẹ̀, abẹ́ ìbòòji ni wọ́n ń jókòó sí. Èèyàn kan náà ni o, ọdún ló yàtọ̀.

Ọdún 1991 la sì ń yà, torí ẹ̀ mo gbé ti Ìyá Òkè-Àdó. Mo lọ bá wọn láàárọ̀ Sátidé, torí gbogbo ẹbí ló gbà pé àwọn ni wọ́n mú àwọ̀ ìyá wọn jù, mo ní kí wọ́n na apá síbi fèrèsé, mo ya inú apá tí oòrùn kì í dé, mo ya ẹ̀yìn ọwọ́ tí oòrùn ń pa. Láàárín méjèèjì yẹn ni mo ti rí àwọ̀ tí mo fi ṣe ìpìlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 16 nínú, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti Ìyá Àgbà. Àwọn ọmọ wọn obìnrin ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, torí mo ń rí i lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òjìji sójú aláwọ̀ dúdú, ẹ má mú dúdú. Ojú á rí bí ẹni tí wọ́n fi eérú kùn. Pupa wà nínú òjìji wa, pupa tó jinlẹ̀ bí obì tó ti gbó, ó hàn jù lábẹ́ imú àti létí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run bá sì ti bà lé iwájú orí tàbí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wò ó dáadáa, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ lọ síta lọ wo ojú màmá yín ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Mo kọ́kọ́ kùn gbogbo ojú ní àwọ̀ kan ṣoṣo, mo tẹ́ ọ̀rá òjìji lé e, mo tẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ lé ìyẹn, mo ń kùn, mo ń pa á rẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò lórí ojú nìkan.

Ìró yẹn tún ní tiẹ̀. Àwọn tó mọ àdìrẹ mọ̀ pé Ìbàdàn dùn ní àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, pẹ̀lú ṣíbí láàárín àwọn òpó. Nínú sketch, Bàámi kàn fa òpó méjì àti ṣíbí kan láti fi júwe, ìyókù wọ́n fọwọ́ yí i bírí bírí. Èmi ni mo wá ya gbogbo ẹ̀ pé, mo lọ wo ìró ojúlówó lára màmá ọ̀rẹ́ mi kan kí n má bàa fi orí ara mi dá nǹkan sílẹ̀. Ọgbọ́n tí mo fi kùn ún, ọgbọ́n aládìrẹ ẹlẹ́kọ náà ni. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sójú aṣọ, tí wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá bò aró ò ní í débẹ̀, tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò ibẹ̀ á mọ́. Nínú kọ̀ǹpútà a máa ń fi nǹkan tí wọ́n ń pè ní mask bo ibi tí a ò fẹ́ kí àwọ̀ dé, bákan náà gẹ́lẹ́. Mo bo àwọn òpó àti ṣíbí, mo da aró lé gbogbo ìró, mo ṣí i. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún Ìyá Mọ́níyà tó ti rẹ aró rí láyé ìgbà èwe, wọ́n ní "Ẹ̀kọ lẹ fi ṣe é nìyẹn."

Ilà ojú ni mo fi kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Àbàjà mẹ́rin ni Ìyá Àgbà kọ, mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́rin ní tòsì, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Àwọn àgbà ní ilà tó bá jinná ló ń di oge, ti Ìyá Àgbà sì ti jinná fún bí àádọ́rin ọdún nígbà tí Bàámi yà wọ́n, ó ti bá ìhunjọ ara dọ́rẹ̀ẹ́, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín á ká sókè. Ilà ojú kì í ṣe ohun tí wọ́n fi bírò fà. Kòtò kékeré ni. Ó ní etí tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ó ní etí tó ń ṣókùnkùn, bí oòrùn bá wá láti ọ̀tún, etí tòsì kòtò ló máa mọ́. Bàámi mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n tẹ pẹ́ńsù mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lófìfo.

Kí n sọ òótọ́, mo dán èyí tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ń sọ wò. Àwọn àápù kan wà báyìí tó jẹ́ pé tó o bá ju sketch sí i, ó máa kùn ún fún ẹ láàárín ìṣẹ́jú kan, òun fúnra ẹ̀, kò ní í béèrè nǹkan kan. Mo ju ti Ìyá Àgbà sí i lálẹ́ ọjọ́ kan tó rẹ̀ mí. Ohun tó gbé jáde dán gbinrin. Obìnrin ọlọ́gbọ̀n ọdún ni, awọ ojú ẹ̀ ń dán bíi ike, ó fi gèlè òde tó ga fíofío rọ́pò ìborùn, òpó Mápó ti di òdòdó, àbàjà mẹ́rin sì ti di ilà mẹ́ta fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti irùngbọ̀n ológbò ní ẹ̀gbẹ́ kan, ní ẹ̀gbẹ́ kejì kò sí nǹkan kan rárá. Mi ò bá a jà, ohun tó ti rí jù nínú àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ló máa ń gbé jáde, kò sì rí àbàjà tó. Kò lè ka ohun tí Bàámi kọ sí etí ìwé. Kò lè pe Òkè-Àdó. Mo pa á rẹ́.

Ohun tó wá ká mi lára jù ni pé ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ láti ọwọ́ èèyàn. Nígbà tí mo parí, mo gbé fáìlì lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ bánà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà, mo ti gé e sí píksẹ́lì 4800 sí 7200 fún wọn, torí bánà tí èèyàn ń wò láti òkèèrè, 100 dpi ti tó o. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ojú Ìyá Àgbà ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn mọ́ roro, gbogbo ilà ti lọ. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ní òun bá mi tún ojú mama ṣe ni, òun rò pé skánà ló fi àbàwọ́n sí i. Ó fi àápù tí wọ́n fi ń tún fótò ìyàwó ṣe nù ún. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mo mọ̀, ojú ẹ̀ fi hàn, kò tíì rí ilà ojú lára ẹni tó sún mọ́ ọn rí. Mo gbé bánà yẹn délé, Ìyá Mọ́níyà wò ó, wọ́n ní "Ta lèyí?"

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba yẹn ti tó.

A tún un tẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì mo jókòó ti ẹ̀rọ. Mo tún tìtorí ẹ̀ yí àwọ̀ ìró padà, torí pé ojú kọ̀ǹpútà ìmọ́lẹ̀ ló fi ń gbé àwọ̀ jáde, pupa, ewéko àti búlúù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń lo tàdáwà, nínú bánà àkọ́kọ́ aró yẹn ti di àwọ̀ àlùkò. Mo dín pupa inú ẹ̀ kù, a kọ́kọ́ tẹ èyí tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ láti fi dán an wò, ó di ìgbà kẹta kó tó rí bí aró.

Bàámi máa ń sọ ìtàn Aina Onabolu, ayàwòrán ayé àtijọ́, fún wa nídìí iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i, 1882, láyé tí àwọn òyìnbó ń sọ lójú méjèèjì pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ò lè ya ojú èèyàn kó jọ ọ́. Lọ́dún 1906 ó ya Mrs Spencer Savage l'Ékòó, ó jọ ọ́. Ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1920, nígbà tó dé lọ́dún 1922 ó ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíì l'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíyà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dà àti brọ́ọ̀ṣì tó ń lò, kò yàtọ̀ sí ti òyìnbó, irinṣẹ́ àjèjì ni lójú àwọn baba wa nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ pé brọ́ọ̀ṣì ló ya Mrs Savage. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn jọ̀ọ́ kó fi ojú kan náà wo pẹ́ẹ̀nì tèmi. Tó bá jẹ́ pé àápù ìṣẹ́jú kan ló ń bínú sí, mo wà lẹ́yìn ẹ̀, ká jọ bínú. Àmọ́ kó má kó gbogbo wa pọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní í pẹ́ lórí ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìwé yẹn lọ síbi skánà títí dọjọ́ tí bánà jáde, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, pẹ̀lú dátà, pẹ̀lú epo jẹnẹrétọ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ Òkè-Àdó lálọ àtàbọ̀. Ẹbí ni wọ́n, mi ò gba kọ́bọ̀. Kọ́sítọ́mà tó bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, mo máa gbowó, mi ò sì ní í tijú.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín, ọ̀gá mi. Nínú ìwé ìròyìn yín, ẹ máa ń lo àwòrán gan-an, wọ́n sì dáa, àmọ́ orúkọ ayàwòrán kì í sábà sí lábẹ́ ẹ̀. Akinọla Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó ń ya àwòrán òṣèlú sínú ìwé ìròyìn West African Pilot láyé ìjà òmìnira, "Lash" ló máa ń fi sábẹ́ iṣẹ́ ẹ̀, gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ àti ẹni tí wọ́n máa bá jà. Tí orúkọ bá wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rò pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ló ya sketch, tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló kùn ún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ àwọn méjèèjì.

Mo fi àwòrán Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, sketch lọ́tọ̀, èyí tí mo kùn lọ́tọ̀. Ìyá Òkè-Àdó ní yẹtí etí òsì ti pọ̀ jù, Ìyá Àgbà ti sọ yẹtí yẹn nù kí 1991 tó dé, mo tún sketch wò, òótọ́ ni, Bàámi ò ya yẹtí kankan sí etí òsì, èmi ni mo fi kún un. Mo ti yọ ọ́. Ó wà lórí ọ̀rá tiẹ̀, kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ni èyí tí kò ní yẹtí. Tẹ́ ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má tún ojú wọn ṣe o, ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀ nìyí:

"Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, 1991. Ọmọ wọn ọkùnrin ló fi pẹ́ńsù yà wọ́n. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ló kùn ún. Àwọn ọmọ wọn obìnrin ló sọ àwọ̀ wọn."

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ayàwòrán,
Mókọ́lá, Ìbàdàn.